Ọmọ Tí Kò Sí Nínú Igi

Nurhaeda kò tíì jókòó dáadáa tí Matius fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwo fún un.

Matius ni olórí ilé To'Induk, kò sì sí àlejò tó máa fi ẹsẹ̀ gun òkè yẹn dé ibẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ fà lọ síwájú ilé ńlá. Òpó kan dúró níbẹ̀ tó gba ilẹ̀ lọ kan imú òrùlé. Ìwo ẹfọ̀n ni wọ́n tò sára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mọ́kànlélógún géérégé. Gbogbo ẹfọ̀n tí ìdílé náà ti pa láti fi sin òkú wọn, ìwo wọn kì í kúrò nílé. Matius mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki oríkì bàbá rẹ̀.

"Alhájà, ẹ wo èyí tó wà lókè pátápátá yẹn," ó ní, ó na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ wò ó bó ṣe fẹ̀. Ẹfọ̀n alámì nìyẹn! Funfun àti dúdú, ojú rẹ̀ rí bí aró tí wọ́n bu omi lé. Pong Rombe, bàbá tó bí bàbá bàbá mi, òun ló fi sin bàbá tirẹ̀. Nígbà yẹn, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo òkè yìí. Ó fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Palopo létí òkun, ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó, òun nìkan ṣoṣo, ó sì fa ẹfọ̀n yẹn bọ̀ wálé. Òun nìkan o! Ẹ̀jẹ̀ akin ló wà lára wa."

"N kì í ṣe Alhájà," Nurhaeda dá a lóhùn. "Mẹ́kà ò tíì rí mi."

Àwọn tó wà lábẹ́ àká ìrẹsì rẹ́rìn-ín. Nurhaeda kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára ìwo òkè pátápátá yẹn. Ó ti tó ọdún méjìléláàádọ́ta tó ti mọ̀ ọ́n, òní ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kàn án.

"Òun àti ta ni wọ́n jọ lọ sí Palopo?" ó bi í.

"Mo ní òun nìkan ni."

"Àlọ ni mò ń bi yín. N kò béèrè àbọ̀."

Matius wò ó. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, kò sì mọ́ ọn lára kí àlejò máa dá a lẹ́nu ìtàn dúró. Ṣùgbọ́n oṣù Ma'nene ni, oṣù tí wọ́n máa ń kó àwọn òkú àtijọ́ jáde kúrò nínú àpáta láti pààrọ̀ aṣọ fún wọn. Lóṣù náà, gbogbo ọmọ tó ti fọ́n ká ayé ló máa ń padà wá wá orísun. Àwọn mìíràn ń ti Jakarta bọ̀, àwọn mìíràn ti Papua, oníkálukú á ní ọmọ ilé yìí lòun. Wọn kì í lé ẹnikẹ́ni.

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni í gbẹ," Matius ní, ó tún ohùn rọ̀. "Ẹ káàbọ̀ sílé. Ọmọ ta ni yín nínú ilé yìí?"

"Limbong ló bí ìyá tó bí ìyá mi."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Matius, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Háà! Ẹ ti ṣi ilé nìyẹn. Òótọ́ ni pé a ní Limbong kan. Àbúrò Pong Rombe ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni, kò tíì hu eyín kan tó fi kú. Inú igi ló wà. Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó mú un gba ẹ̀yìn àká lọ sínú igbó ọparun. Igi ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe oje funfun bí wàrà. Wọ́n ti gbẹ́ ihò mélòó kan sára rẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò bá tíì hu eyín kì í wọnú àpáta pẹ̀lú àwọn àgbà ní ilẹ̀ yẹn. Igi ni wọ́n máa ń gbé e fún, kó máa fún un lọ́mú lọ.

"Òun nìyẹn," Matius ní, ó fọwọ́ kan ibì kan tí igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. "Bàbá mi fi hàn mí, bàbá rẹ̀ ló fi han òun náà."

Nurhaeda gbé ọwọ́ lé ojú àpá náà, ó sì tètè gbé e kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀ kó tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé nǹkan ṣì wà tó lè bí òun nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé wọ́n ta ọmọ, ó ti mọ ìyẹn. Pé wọ́n tún wá sin ín láàyè sínú igi, tí wọ́n ń mú àlejò wá wò ó, ta ló sọ ìyẹn fún un?

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Limbong lò láyé," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà lọ́jọ́ tó kú, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ẹ ní kò hu eyín? Ó hu eyín, Bàbá. Ó hu ú pé. Ó fi jẹ̀yà, ó jábọ́ tán lẹ́nu rẹ̀ nílé onílé. Èmi ni mò ń bá a fi ẹnu rún ewé sìrì, ewé tí àwọn àgbà máa ń jẹ lẹ́nu, kó tó lè jẹ ẹ́."

"Ìyá, Limbong pọ̀ ní gbogbo òkè yìí o..."

"Èyí tó ń jẹ́ Limbong, tó jẹ́ ọmọ ilé To'Induk, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ́ Rombe, mélòó ni?"

Ni Nurhaeda bá rọ́ ìtàn Limbong fún un, ó sì rọ́ ọ tán níbẹ̀ lábẹ́ igi.

Bàbá wọn kú. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti mú ẹfọ̀n méjì wálẹ̀, Rombe tó jẹ́ àkọ́bí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ojú ń tì í. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé kó wá, kí àwọn lọ wo òkun. Inú ọmọ dùn. Níbi tí ọ̀nà bá ti le, Rombe á gbé e kọ́rùn. Nígbà tí wọ́n dé Palopo, ó ní kó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ńlá kan, ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lé e lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀. Limbong jẹ ààbọ̀. Ó tọ́jú ààbọ̀ tó kù de ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ebi má baà pa á tó bá dé. Títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi dúdú, ẹ̀gbọ́n kò dé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀.

"Títí ó fi kú, kò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tán rí," Nurhaeda ní. "Ìyá ìyá mi kò jẹ ẹ́ tán rí. Ìyá mi náà kò jẹ ẹ́ tán rí. Èmi náà, ààbọ̀ ni. Àwọn ọmọ mi rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ gbọ́ ohun tí mo bá wá. Lọ́la tí ẹ bá ń pe orúkọ àwọn ọmọ ilé níwájú ibojì, ẹ pe Limbong. Ẹ pè é bó ṣe jẹ́: ọmọ ilé tí a tà. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ìwo yẹn kalẹ̀. Limbong ni wọ́n fi rà á. Títí ìwo yẹn á fi kúrò lára òpó, n kò ní fi ẹnu kan nǹkan kan nílé yìí, omi gan-an n kò ní mu."

"Ẹ fẹ́ sọ ilé wa di ilé ẹrú?" Ojú Matius ti pọ́n. "Ilé yìí kì í ṣe ilé ẹrú o. Ilé tó *ní* ẹrú ni!"

"Mo gbà. Ẹ ní in, ẹ sì tún tà nínú ara yín."

"Ìyá, ẹ má bú mi nílé bàbá mi!"

"Ilé bàbá mi náà ni. Ẹ má gbàgbé, ìran kan náà ni èmi àti ẹ̀yin. Tó bá jẹ́ pé Rombe jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn ni, èmi ni ǹ bá máa ka ìwo, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá máa ta ẹja gbígbẹ ní Palopo."

Matius yọ aṣọ ìnujú, ó nu ojú rẹ̀. Ó bá a sọ ọ́ bí àgbà sí àgbà nígbà yẹn, ó fẹ́ kó yé e. "Nítorí ìwo yẹn ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ pe ilé wa níbi tí wọ́n bá ti ń pín ẹran ìsìnkú. Tí wọ́n bá ju ẹran sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, To'Induk ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Tí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, kí ni kí n sọ fáyé? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A lè gbàdúrà fún Limbong yín. Pásítọ̀ wà."

"Ó ti ń kírun kí bàbá Pásítọ̀ tó mọ̀wé. Kì í ṣe àdúrà ló ń wá."

Ẹ má bi mí bóyá ọ̀rọ̀ náà le jù. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí tí inú rẹ̀ kò ru, àfi ká yẹ onítọ̀hún wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé iwájú ilé, Damaris ìyàwó Matius ti gbé oúnjẹ kalẹ̀: ìrẹsì pupa, adìẹ tí wọ́n sè nínú ọparun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ odidi ìdì kan.

"Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n mi," Damaris ní. "Ẹ má bẹ̀rù ìkòkò wa, ẹlẹ́dẹ̀ kò débẹ̀. Mo sáré lọ bá Ustaz, àfáà tó wà nísàlẹ̀ òkè, kó bá mi dúńbú adìẹ yìí. Ọkùnrin yẹn dẹ́rù bà mí o, ó ní ṣé mo fẹ́ gba Ìsìláàmù ni, mo ní ó di ẹ̀yìn tí ọkọ mi bá gbà á."

"Ọlọ́run á san án fún yín, àbúrò mi. N kò ní jẹun."

"Kí la ṣe?"

"Ẹ bi ọkọ yín."

Damaris yíjú sí ọkọ rẹ̀. Matius ń wo ilẹ̀. Ikùn Nurhaeda kígbe, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Ó ti gba ọkọ̀ láti ìdájí, kò jẹ nǹkan kan. Kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ne' Tappi ránṣẹ́ pè é. Òun ló dàgbà jù nílé To'Induk, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Bàbá rẹ̀ ni Pong Rombe bí. Ilé kékeré kan lẹ́yìn àká ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ ṣófo bí àpò tí wọ́n tú ohun inú rẹ̀ dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ó ní kí Nurhaeda jókòó sórí ẹní. Kò bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

"Wọ́n ní ìwọ lo tọ́jú rẹ̀," ó ní.

"Òun ló tọ́jú mi, Ìyá Àgbà. Mo kàn ń gbé ewé sìrì fún un ni."

"Ṣé ó ń bú wa?"

"Rárá. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù! Kò bú yín rí. Tí mo bá bínú, á ní kí n fi ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀, ojú ló ń tì í, kò sí ohun tó burú tó kí àkọ́bí wá síbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Òun ló ń bá a ṣàlàyé! Ẹni tí wọ́n tà ló ń bá ẹni tó tà á tọrọ gáfárà!" Omi ti lé sójú rẹ̀, ó sì bínú sí omi náà. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ bínú fún un, Ìyá Àgbà. Òun kò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ne' Tappi mú ọwọ́ Nurhaeda, ó yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń yẹ ọjà wò.

"Ẹ mọ nǹkan kan, àbí ẹ kò mọ̀?" Nurhaeda bi í.

"Lọ sùn, ọmọ mi. Ẹní kejì wà níhìn-ín."

"Ìyá Àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Obìnrin àgbà náà já ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ́ ẹní kejì fún un.

Ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú kí wọ́n tó kó pósí sọ̀ kalẹ̀ láti inú àpáta. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó sáré parí rẹ̀. Wọ́n ṣí àwọn òkú, wọ́n tò wọ́n sí oòrùn, ariwo wá sọ. Àwọn ọmọ ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku lára ìyá wọn, àwọn kan ń ya ẹsẹ̀ bàbá àgbà wọn kí wọ́n lè wọ ṣòkòtò fún un. Ẹnì kan tanná sí sìgá, ó kì í bọ bàbá kan lẹ́nu: "Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ o, Bàbá, ó ti wọ́n." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ya fọ́tò. Ní ilẹ̀ yẹn, ikú kì í ṣe ìdí láti má wá kí ènìyàn.

Nurhaeda dúró sẹ́yìn lábẹ́ ibòji. Ọmọ Ustaz kan ní Palopo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá wọn dé ibẹ̀, pé ẹbọ ni. Ó ti dá a lóhùn pé ìjà lòun bá lọ, òun kò bá ìsìn lọ.

Pósí Pong Rombe ni wọ́n ṣí kẹ́yìn nítorí pé òun ló lọ́lá jù. Matius fúnra rẹ̀ ló tú aṣọ lára rẹ̀, ìpele lórí ìpele. Ara rẹ̀ ti gbẹ, ó ti kéré, awọ rẹ̀ rí bí awọ ìlù tó ti gbó. Damaris pe Nurhaeda pé kó wá wo bàbá. Ó rò pé tó bá rí i, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀.

Nurhaeda súnmọ́ ọn. Ó wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Ó wá rí ẹnu rẹ̀.

Eyín rẹ̀ pé. Kò sí ọ̀kan tó jábọ́. Òkè pé, ìsàlẹ̀ pé, ó hàn funfun lójú oòrùn.

"Áà," Nurhaeda ní. "Eyín rẹ̀ nìyí!"

Àwọn tó ń ya fọ́tò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Rombe! Wò mí. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú aṣọ wá fún ọ. N kò mú aṣọ wá. Limbong tọ́jú ààbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dè ọ́ fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin, n kò mú ìyẹn náà wá. Ẹnu rẹ ni mo wá wò, ẹnu tí o fi sọ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé o fẹ́ fi òkun hàn án. Ṣé o mọ̀ pé kò wẹ̀ nínú òkun yẹn rí? Ó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, kò tọ̀ ọ́ lọ, torí pé ìwọ lo ní kí ẹ jọ lọ wò ó!"

"Ẹ mú obìnrin yìí kúrò níbẹ̀," Matius ní.

Kò sí ẹni tó mira.

"O fi ẹfọ̀n sin bàbá yín. Wọ́n ní ẹfọ̀n lòkú ń gùn lọ sí ọ̀run. Kì í ṣe ẹfọ̀n ni bàbá yín gùn, Rombe! Ọmọ rẹ̀ ló gùn! Ó gun ọmọ rẹ̀ lọ sọ́run, ìwọ lo sì de gàárì! O tún wá gbẹ́ igi, o ní kò hu eyín..."

"Irọ́ ni!" Matius pariwo. "Ìbàjẹ́ orúkọ ni! Ọmọ wà nínú igi yẹn! Bàbá mi ló fi hàn mí!"

"Ọmọ kankan kò sí nínú igi."

Ne' Tappi ló sọ̀rọ̀. Orí àpótí tí wọ́n gbé e jókòó sí nítòsí ẹsẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ló wà, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀. Kò dìde.

"Ọmọ ọdún méje ni mí," ó ní. "Òjò ńlá kan já ìbòrí ihò yẹn bọ́. Mo gun orí òkúta, mo yọjú wo inú rẹ̀. Ìtì igi ni. Ìtì igi tí wọ́n fi aṣọ ọmọ wé, wọ́n fún un ní okùn ìdí. Mo fẹ́ fà á yọ láti fi ṣeré, ni bàbá àgbà mi dì mí mú láti ẹ̀yìn." Ó fi ọ̀pá kan pósí náà díẹ̀. "Òun nìyí. Ó ń gbọ̀n. Ó ní tí mo bá wí fún ẹnikẹ́ni, gbogbo eyín mi á jábọ́ lẹ́nu mi."

Ó ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbàgàdà, ó fi han gbogbo wọn yípo. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀.

"Ó ti jábọ́ tán báyìí," ó ní. "Kò sí ohun tó kù tó lè fi dẹ́rù bà mí mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára pa á mọ́ ẹnu. Matius ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ìbínú rẹ̀ ti kúrò lórí Nurhaeda, ó ti rí ibòmíràn lọ.

"Ìyá Àgbà, ẹ mọ̀?" ó ní. "Ogójì ọdún ni mo fi ń ka ìwo yẹn fún gbogbo ayé! Mo kà á fún gómìnà! Mo kà á fún àwọn òyìnbó! 'Òun nìkan ló lọ, òun nìkan ló bọ̀,' ẹ jókòó lábẹ́ àká, ẹ ń jẹ sìrì, ẹ ń gbọ́ mi bí mo ṣe ń ṣe bí òmùgọ̀!"

"Mo ń gbọ́ ọ," Ne' Tappi ní. "Lójoojúmọ́. Bú mi, ó tọ́ sí mi."

Matius ju aṣọ tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà, ó ń lọ sílé. Àwọn ènìyàn rò pé ó ti lọ nìyẹn. Pásítọ̀ ń wú ikọ́ tí kò sí lọ́fun rẹ̀. Nurhaeda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì tí kò jẹun nìyí. Ne' Tappi na ọ̀pá rẹ̀ sí i kó dì í mú, ó sì dì í mú.

Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ìró àdá láti ọ̀nà ilé, tó ń gé okùn. Lẹ́yìn ìyẹn, Matius yọ láàárín ọparun, òógùn bò ó, ó gbé ìwo ẹfọ̀n alámì náà sọ́rùn. Ó fẹ̀ débi pé ó ń gbá ewé lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó jù ú sílẹ̀ níwájú Nurhaeda, eruku sọ.

"Ó ti kúrò lára òpó! Ẹ gbé e máa lọ sí Palopo yín!"

"N kò gbé e lọ síbì kan," Nurhaeda ní. "Ẹni tó rà á ni kí ẹ fún."

Ó gba àkókò díẹ̀ kó tó yé Matius. Ó wo ìwo, ó wo pósí. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ìwo náà, ó sì gbìyànjú láti gbé e lé àyà òkú. Kò gbà á. Wọ́n dá a sí ìbú, pósí kò gbà á. Níkẹyìn, òun àti Nurhaeda ni wọ́n jọ dì í mú lápá méjèèjì, wọ́n yí i dọ́gba, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ Rombe láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni méjì tó ń sùn lórí ẹní kan. Aṣọ tuntun tí wọ́n rà fún bàbá, Ne' Tappi ní kí wọ́n ká a padà, ohun tó wà lára rẹ̀ tó o.

Matius dúró síwájú ibojì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ ilé gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ti máa ń ṣe. Nígbà tó dé orí Rombe, ó pè é lásán, kò fi Pong, orúkọ ọlá rẹ̀, síwájú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Limbong," ó ní, "àbúrò Rombe, ọmọ ilé To'Induk. Kò kú ní kékeré. A tà á ní Palopo."

"Ẹ pariwo rẹ̀," Nurhaeda ní. "Bí ẹ ṣe máa ń pariwo ìwo ni kí ẹ ṣe é."

Matius wò ó bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ó sì tún un pè, ó pariwo rẹ̀, àpáta gbà á, ó dá a padà fún wọn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, ojú ibi tí ìwo yẹn wà tẹ́lẹ̀ funfun lára òpó, oòrùn kò débẹ̀ rí láti ọgọ́fà ọdún ó lé. Damaris tún gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó bu ìrẹsì kún àwo. Nurhaeda wẹ ọwọ́. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ adìẹ, ó ní kí wọ́n fi ata sí i. Ó jẹun bí ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́.

Matius jókòó kọjú sí i, kò wo ojú rẹ̀.

"Ó ku ogún," ó ní, ó ń wo òpó.

"Ogún tó kù ńkọ́?" Nurhaeda bi í. "Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ra ìyẹn?"

Matius rọra sún ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà síwájú rẹ̀.

Nurhaeda já ọ̀kan, ó bó o. Ọwọ́ rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a sí méjì bó ṣe máa ń ṣe. Ó jẹ ààbọ̀ kan, ó gbé ààbọ̀ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Damaris na ọwọ́ láti kó èèpo náà àti ààbọ̀ yẹn.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," Nurhaeda ní.

Ó mú ààbọ̀ tó kù, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì béèrè omi.